Bíà Àfọwọ́pọn l'Ékòó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Tọ́ Ọ Wò, Tó Sì Fẹ́ Máa Kó O Jọ

Ẹni tó bá wọ yàrá mi ní Sùúrùlérè máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ń ṣe níbẹ̀. Ìgò bíà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn wà ní ìnàró. Bí mo bá ti ṣàlàyé ìyẹn tán, ìbéèrè mìíràn á tún tẹ̀lé e, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn án.

Kí ni wọ́n ń pè ní craft beer gan-an?

Bíà tí ilé ìpọntí kékeré pọn ni. Ẹni tó pọn ọ́n ló pinnu bí yóò ṣe rí lẹ́nu, ó sì lè pọn èyí tí ẹni mẹ́wàá yóò fẹ́ràn tí àádọ́rùn-ún yóò kọ̀. Ilé ìpọntí ńlá kò lè dán irú ẹ̀ wò, nítorí ohun tí wọ́n ń tà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ bá tọmọdé-tàgbà inú àwọn onímu lẹ́nu mu. "Bíà àfọwọ́pọn" ni màá máa pè é níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "craft beer" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á ní Victoria Island àti Lekki.

Irú rẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ lónìí, Amẹ́ríkà ló ti gbèrú. Ní 1965, Fritz Maytag ra ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco nígbà tó kù díẹ̀ kó kógbá sílé, ó sì gbé e dìde. Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ wọn fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn máa pọn bíà mu nílé ara rẹ̀ láìsan owó orí lé e. Àwọn tó ti ń pọn nínú ìkòkò ilé ìdáná wọn ló wá di ọlọ́jà lẹ́yìn náà. Ken Grossman wà lára wọn. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní ilé ìpọntí Sierra Nevada, ní California, ní 1980. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí ilẹ̀ náà, Brewers Association, gbé òdiwọ̀n kalẹ̀: ilé ìpọntí tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára wọn kò gbọdọ̀ pọn ju mílíọ̀nù 6 àgbá lọ lọ́dún, ilé iṣẹ́ ọtí ńlá kò sì gbọdọ̀ ní tó ìdá 25 nínú 100 rẹ̀. Lójú tiwa, mílíọ̀nù 6 àgbá kì í ṣe kékeré rárá. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹni tó pọn ọ́n lè dúró níwájú mi kó sọ ìdí tó fi fi ohun báyìí báyìí sí i.

Ṣé Star àti Gulder kì í ṣe bíà gidi ni?

Bíà gidi ni wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé mi. Guinness kọ́ ilé ìpọntí tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Iléṣà ni Trophy ti wá, ilé iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní ìparí ọdún 1978. Iṣẹ́ ńlá ni kí ìgò tí ẹ ṣí lónìí ní Ọ̀jọ́ta bá èyí tí ẹ ṣí lọ́dún tó kọjá ní Ọbáléndé dọ́gba láìyẹ̀.

Mo tún máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fojú di Guinness Stout ilé pé kí wọ́n tún un tọ́ wò. Ó lágbára, ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 7.5 nínú 100, wọ́n sì ń kó èyí tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà lọ tà ní London, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá. Ọkà bàbà wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ó di dandan kí àwọn ilé ìpọntí wa kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi ọkà bàbà àti àgbàdo ṣiṣẹ́. Òfin náà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa.

Oríṣi bíà mélòó ló wà?

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn dẹ́rù bà yín. Ohun mẹ́rin ni gbogbo wọn: omi, ọkà tí a mú hù, họ́ọ̀pù àti ìwúkàrà. Họ́ọ̀pù ni òdòdó kíkorò kan tó ń hù níbi tí òtútù wà. Òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria, ní Jámánì, ní 1516 dárúkọ omi, bálì àti họ́ọ̀pù nìkan, wọn ò dárúkọ ìwúkàrà, nítorí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ pé òun ló ń sọ omi ọkà di ọtí.

Ìwúkàrà yìí ló pín bíà sí ìdílé ńlá méjì. Èyí tó fẹ́ràn òtútù, tó máa ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ní nǹkan bíi 7 sí 13 lórí òdiwọ̀n Celsius, ló ń bí lager. Star, Gulder àti Trophy wà níbẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń bí ale, ó sì máa ń fi òórùn èso sílẹ̀ nínú ọtí. Pale ale, IPA (India Pale Ale, pale ale tí họ́ọ̀pù pọ̀ nínú rẹ̀), stout, bíà àlìkámà, gbogbo wọn ọmọ ale ni. Àwọn kan tún wà lẹ́bàá Brussels tó ń ṣí omi ọkà sílẹ̀ lóru kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Lambic ni wọ́n ń pè é, kíkan ló sì máa ń kan. Ẹni tó bá ti mu ẹmu àná rí kò ní yà á lẹ́nu.

Mo mu IPA lẹ́ẹ̀kan, ó korò bí ewúro. Ṣé wọ́n ń fi ipá mu ún ni?

Ewúro yẹn náà ni kí ẹ fi wò ó. Ta ló jẹ ewúro lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín? Ẹni tó mọ̀ ọ́n sè kì í fọ kíkorò rẹ̀ tán, nítorí ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló ń gbé ọbẹ̀ ró. Iṣẹ́ tí họ́ọ̀pù ń ṣe nínú bíà nìyẹn: láìsí i, omi ọkà á kàn máa dùn bí ògì oníṣúgà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nílẹ̀ wa tilẹ̀ ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù nínú ìwádìí wọn.

Bí kò bá wọ̀ yín lẹ́nu, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Bíà àlìkámà rọ̀, ó máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti kànáfùrù díẹ̀. Stout tí wọ́n pọn bíi kọfí máa ń bá àwọn tó fẹ́ràn Milo lára mu. Ẹ padà sórí IPA lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Níbo ni mo ti lè rí i l'Ékòó?

Ibi tó dájú jù ni Bature Brewery ní Victoria Island. Àbújá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wá sí Èkó. Ẹ lè jókòó síbẹ̀ kí ẹ mu bíà níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n, ìgbádùn ńlá sì ni ìyẹn, nítorí kò tíì rin ìrìn àjò kankan. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kékeré-kékeré nínú oríṣiríṣi.

Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ní Ìkòyí, Lekki àti Ìkẹjà máa ń kó ti òkè òkun wọlé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín. Ẹ yí ìgò náà, ẹ wá ọjọ́ tó máa parí àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ó bá jẹ́ pé orí pẹpẹ tí oòrùn ń wọlé sí láti ojú fèrèsé ni wọ́n tò ó sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó rí. Ọ̀nà kẹta ni ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi sọ́kísì wé ìgò náà, kí wọ́n sì fi sáàárín aṣọ nínú àpótí ńlá.

Báwo ni a ṣe ń tọ́ bíà wò? Ṣé kì í ṣe kéèyàn kàn gbé e mì ni?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ gbà mí láyè.

Àwa mẹ́rin la máa ń pé jọ ní ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kejì nínú oṣù. Ìgò kan, gíláàsì mẹ́rin, ìka méjì-méjì. Mo máa ń tẹ gíláàsì díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da á, mo sì máa ń gbé e nàró bó bá ti dé ìdajì, kí ìfófó lè rú sókè. Ìfófó yẹn ló ń gbé òórùn jáde. Àwọn tó ń da bíà bí ẹni ń yọ́ kọjá lẹ́yìn àgbà, kí ìfófó má baà yọ rárá, ń gbé òórùn rẹ̀ mì sínú ikùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì wá máa wú wọn.

Lẹ́yìn náà, a ó wò ó lójú iná. Ṣé ó mọ́ gaara ni, àbí ó dà bí omi ògì? A ó wá gbóòórùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé láìwo ti ẹnìkejì. Lọ́sẹ̀ kan, a ṣí pale ale kan. Mo kọ "ọsàn." Ẹni tó jókòó lápá òsì mi, tó jẹ́ pé Mushin ni wọ́n ti bí i dàgbà, kọ "máńgòrò tí kò tíì pọ́n, tí a fi iyọ̀ jẹ." Mo tún un gbóòórùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí! Máńgòrò tútù oníyọ̀ ni, kì í ṣe ọsàn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣíwọ́ kíkọ ọ̀rọ̀ tí mo kà lára ìgò. Wọ́n á kọ "lychee" síbẹ̀, wọ́n á kọ "gooseberry", ta ló mọ̀ ọ́n ní Sùúrùlérè? Àgbálùmọ̀, ìyeyè, kókó tó ń gbẹ lórí ẹní, epo ẹ̀pà, àkàrà gbígbóná, àwọn òórùn tí imú wa mọ̀ láti kékeré nìyẹn, òun sì ni kí a fi máa ka bíà.

Nígbà tí ẹ bá wá mu ún, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ dúró díẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́nu lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ló ń sọ bóyá apọntí náà mọṣẹ́.

Ṣé kó tutù bí yìnyín?

Rárá. Òtútù ń pa ahọ́n. Lager lè tutù dáadáa, ale fẹ́ nǹkan bíi 8 sí 12 Celsius, stout tó lágbára sì lè lọ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé stout jáde láti inú fíríìjì, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn bàbá wa tó máa ń ní "ẹ fún mi lẹ́yìí tí kò tutù" ní ilé ọtí ti mọ èyí tipẹ́.

Ṣé gíláàsì ṣe pàtàkì?

Kó mọ́, kó má ní òróró lára. Òróró àti ọṣẹ tí a kò ṣàn dànù ń pa ìfófó. Mo yà gíláàsì bíà tèmi sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mu mílíìkì.

Oúnjẹ wo ló bá a lọ?

Ata ni ọ̀rọ̀ wa, torí náà ibẹ̀ ni ká ti mú un. Ọtí líle àti kíkorò máa ń mú kí ata ta sí i. Bí ẹ bá ń fi IPA sin àsun tó ta, iná lẹ ń dá sẹ́nu yín. Èyí tí ọkà rẹ̀ dùn díẹ̀, tí kò korò púpọ̀, ló ń tu ata lójú. Mo fẹ́ràn bíà àlìkámà pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, stout pẹ̀lú súyà (èéfín bá òórùn ọkà sísun pàdé), àti èyíkéyìí tó bá kan díẹ̀ pẹ̀lú ẹja yíyan. Dòdò àti stout nìkan tó oúnjẹ alẹ́.

Bíà wo ló ṣeé tọ́jú, èwo ni kí n mu kíá?

Ibí ni Èkó ti ń ba ti èèyàn jẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan bá mi mú IPA mẹ́ta bọ̀ láti òkè òkun. Ó dára lójú mi débi pé mi ò fẹ́ mu ún. Mo tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú oṣù kẹta, ìgbà tí ooru mú jù, mo ní di ọjọ́ ìbí mi nínú oṣù keje. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn òdòdó rẹ̀ ti lọ pátápátá. Páálí tó rin omi ni mo gbọ́. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Ó dùn mí gan-an, nítorí èyí tí mo tọ́ wò lọ́jọ́ tó dé kò ní ẹlẹgbẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ooru máa ń mú kí ọ́síjìn díẹ̀ tó wà nínú ìgò yára ba bíà jẹ́, òórùn họ́ọ̀pù ló sì máa ń kọ́kọ́ sá. IPA, pale ale àti bíà àlìkámà, tuntun-tuntun ni kí ẹ mu wọ́n. Àwọn apọntí mìíràn máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú agolo síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ló wúlò jù fún yín. Èyí tó ṣeé tọ́jú ni stout líle tàbí barley wine (ale líle ni, kì í ṣe wáìnì) tí ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 8 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti àwọn tí ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú ìgò wọn. Orval, tí wọ́n ń pọn ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ní Belgium, jẹ́ àpẹẹrẹ rere: ìwúkàrà inú rẹ̀ á máa yí i padà láti oṣù dé oṣù. Ẹ ra mẹ́ta, ẹ mu ọ̀kan báyìí, èkejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀kẹta lẹ́yìn ọdún kan.

Ọ̀tá kejì ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn àti họ́ọ̀pù bá pàdé nínú ìgò, òórùn burúkú kan á jáde. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ yìí dúró dáadáa, aláwọ̀ ewé kò tó bẹ́ẹ̀, èyí tó mọ́ gaara kò dá nǹkankan dúró. Agolo ló ṣe é jù, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

NEPA ń mú iná lọ. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn, tó sún mọ́ ilẹ̀, tó sì jìnnà sí ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń lù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀ táìlì ni tèmi. Kí ìgò wà ní ìnàró, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀. Kó lọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n kó máa wà lójú kan sàn ju kó tutù láàárọ̀, kó gbóná lọ́sàn-án, kó tún tutù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá tàn. Èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú tèmi wà nínú fíríìjì kékeré tó wà lórí ínfátà.

Ẹnì kan dábàá ìkòkò amọ̀ méjì tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, èyí tí Mohammed Bah Abba fi gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 fún bó ṣe ràn àwọn àgbẹ̀ lápá àríwá lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ìkòkò náà fi ń ṣiṣẹ́, omi gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ lára rẹ̀ kó tó lè tutù. L'Ékòó tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi ọ̀sà, kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí bíà fúnra rẹ̀, kí la tún lè kó jọ?

Ìgò, lébẹ́ẹ̀lì, kọ́ọ̀kì, gíláàsì, páálí róbótó tí wọ́n ń gbé ife lé. Àwọn kan kì í kó ju kọ́ọ̀kì lọ, nítorí ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ kò kún páálí bàtà.

Ẹ rántí pé ìgò bíà ilé kì í ṣe tẹni tó mu ún. Ìgò òfìfo gbọ́dọ̀ padà sínú kréètì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lọ nítorí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyá tó ń ta bíà ní òpópónà wa dá mi dúró.

"Ọmọ mi, ìgò mi dà?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ ṣírò owó ìgò mọ́ ọn."

"Kí lo fẹ́ fi ìgò òfìfo ṣe?"

Mo gbé fóònù mi jáde, mo fi fọ́tò àwọn tó wà nílé hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí àwọn tí wọ́n ti tà rí. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, agolo mílíìkì kan ti wà lábẹ́ tábìlì wọn, kọ́ọ̀kì ló kún inú rẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń kó o pa mọ́ fún mi.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí kọ́ọ̀kì tẹ̀, ẹ fi owó kọ́bọ̀ kan sórí rẹ̀ kí ẹ tó fi irin ìṣígò ṣí i, irin náà á máa tẹ owó náà dípò kọ́ọ̀kì.

Lébẹ́ẹ̀lì mi ń ya bí mo bá ń yọ ọ́.

Omi gbígbóná àti ṣíbí sódà ìdáná (baking soda) kan nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ri ìgò náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù lásán, á yọ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú tó ń lẹ̀ bíi sítíkà, omi ò ní ràn án. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò náà, kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kí ẹ sì fi bíléèdì fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ sá a sórí aṣọ mímọ́, kí ẹ fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́.

Mùsùlùmí ni mí, n kì í mu ọtí. Ṣé mo lè bá yín ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan lára àwọn tó mọ ìtàn ìgò jù nínú àwọn tí mo mọ̀ kò fi ọtí kan ẹnu rí. Ti mọ́ọ̀tì ló ń kó: Maltina, tó dé ọjà ní 1976, àti àwọn tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú gbogbo bí lébẹ́ẹ̀lì wọn ṣe ń yí padà. Bí ó bá wá sí ọ̀dọ̀ mi, mọ́ọ̀tì là ń ṣí.

Ṣé mo lè pọn tèmi nílé?

Ẹ lè pọn èyí tí ẹ máa mu fúnra yín. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á gbọ́dọ̀ lọ bá NAFDAC. Wàhálà ńlá tó wà níbẹ̀ ni ooru. Yàrá Èkó lè tó 30 Celsius, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ale kò fẹ́ ju 20 àti díẹ̀ lọ. Bí ó bá gbóná jù, ọtí náà á máa ta ọ̀fun bí ẹni mu ọtí líle. Ọ̀nà àbáyọ tó wú mi lórí wá láti ilẹ̀ òtútù: ìwúkàrà kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Norway ti ń tọ́jú láti ìran dé ìran, kveik ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 30 títí dé nǹkan bíi 40. Bí ẹni pé wọ́n dá a fún Sùúrùlérè ni. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn saison, oríṣi ale kan ní Belgium, náà gba ooru.

Ẹ fọ gbogbo ohun èlò bí ẹni fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ọmọ tuntun. Ẹ má fi ṣúgà púpọ̀ jù sínú ìgò kí ẹ tó dé e, ìgò lè bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ sì lè fọ́ni lójú. Ẹ má sì dán an wò láti sè é di ohun líle bí ògógóró. Ní 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, oró kan tó jọ ọtí, wọ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers.

Ṣé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà lára ohun tí ẹ ń kó jọ?

Ó wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ra agolo láti òkè òkun kò tọ́ ọ wò rí. Kí ni àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń ṣe? Wọ́n ń rẹ àgbàdo, wọ́n ń jẹ́ kó hù, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sè é, wọ́n ń jẹ́ kó kan. Bí apọntí Belgium ṣe ń ṣe bálì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Pitò àti burukutu, ọkà bàbà ni: wọ́n máa ń sẹ́ pitò, burukutu sì máa ń ki, wọ́n sì ń fi gàrí sí i. Agadagídí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù ni. Kíkan inú wọn kì í ṣe àbùkù. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú ògì kan ló wà níbẹ̀, irú wọn náà sì ni àwọn apọntí Berlin ń fi mú bíà wọn kan.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò ṣeé tọ́jú. Ó ṣì ń hó nígbà tí ẹ bá rà á, bó bá di ọjọ́ kejì ó ti di nǹkan mìíràn. Torí náà, inú ìwé nìkan ni mo lè kó o jọ sí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pọn ọ́n àti omi tí wọ́n lò, kí ẹ tó mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu oríṣiríṣi, ẹ kì í yó ni?

A máa ń ṣọ́ra, ìṣirò sì ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ìgò ńlá 60cl tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní 30 mílílítà ògidì ọtí nínú. Ìgò kékeré 33cl tó jẹ́ ìdá 9 ní nǹkan bíi 30 náà. Ìgò kékeré yẹn ń tan ojú jẹ. Ẹni tó bá mu méjì rẹ̀ ti mu ìgò ńlá méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín ìgò kan sí mẹ́rin, tí omi fi ń wà lórí tábìlì, tí a sì ń jẹun kí a tó ṣí èyí àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ kúrò ní ọ̀dọ̀ mi. Aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún rárá, ẹni tó ń lo oògùn sì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń wá ìdí láti ṣí ìgò lójoojúmọ́, ẹ dá a dúró, ẹ máa kó kọ́ọ̀kì.

Ó wọ́n jù.

Òótọ́ ni, pàápàá láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà. Ẹ pín owó ìgò sí mẹ́rin bí a ṣe ń pín bíà inú rẹ̀. Ọ̀kan lóṣù tó.

Kí lẹ ń kọ sínú ìwé yẹn?

Ọjọ́, ibi tí a ti rà á, ẹni tó wà níbẹ̀, bó ṣe rí lójú, nímú àti lẹ́nu, àti oúnjẹ tí a jẹ. Èyí ni mo kọ lọ́jọ́ tí mo lọ wá pitò ní Àgége:

"Ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àná ni wọ́n pọn ọ́n, ìyá náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú igbá. Àwọ̀ rẹ̀ bí tíì tí wọ́n fi mílíìkì díẹ̀ sí. Òórùn ògì àná, àti nǹkan kan bí iṣu sísun lábẹ́ rẹ̀. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó ń ta ahọ́n ṣín-ín-ṣín-ín. Kò korò rárá. Mo béèrè bóyá wọ́n máa pọn irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní, 'Òmíràn la ó pọn, èyí ti tán.'"